Ẹ Má Sin Orúkọ Mọ́ Òkú: Ọ̀rọ̀ fún Ẹbí Tí Ẹni Wọn Gba Ẹ̀mí Ara Rẹ̀

Ó ti mọ́ wa lára pé ká sọ̀rọ̀ ìlera díẹ̀, ká wá bọ́ sórí iye epo pupa àti gààrí. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí epo dúró ná lónìí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò ṣeé fò.

Ẹgbẹ́ kan ló pè wá. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó wà lẹ́gbẹ́ wọn pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ náà ló sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyá yìí kò wá sí ìpàdé mọ́, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá sì fẹ́ lọ sọ́jà, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ lọ kí i, ṣùgbọ́n wọn ò tíì lọ. Ìbéèrè tí wọ́n bi wá kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni a máa ń kí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè náà wọ̀ mí lára. Àwa Nàgó, ta ló tó wa kíni? A ní ti ẹni tó jókòó, a ní ti ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, a ní ti ẹni tó ń dirun. Bí arúgbó bá kú, a ó ní ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Bí ọ̀dọ́ bá kú, ohùn wa á rẹlẹ̀, a ó ní ẹ kú àmúmọ́ra, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí irú ikú yìí bá dé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò sọ. Ẹni tí kò mọ ohun tí yóò sọ á jókòó sílé rẹ̀. Ilé tí ìbànújẹ́ pọ̀ sí jù ló wá di ilé tí ẹnikẹ́ni kò yà sí.

Ojú Kristẹni ni mo máa fi sọ ọ̀rọ̀ tòní, nítorí Kristẹni ni ìyá náà, èmi náà sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, àti ẹ̀yin tí ẹ ń bọ òrìṣà ilé bàbá yín, ẹ bá wa jókòó. Ikú yìí kì í béèrè ẹ̀sìn kó tó wọlé. Nọ́ọ̀sì sì ni mí, n kì í ṣe pásítọ̀, nítorí náà bí mo bá ń ka Bíbélì bí ẹni ń ka káàdì aláìsàn, ẹ forí jì mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí àbúrò ìyá mi kú báyìí. Èkùrọ́ ló ń rà tó ń tà. Ọjà rẹ̀ dojú dé, gbèsè bá a, ó sì pẹ́ tí kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, àwa ọmọdé la kàn rò pé ó ń bínú sí wa. Ọjọ́ tó kú, wọn kò lu agogo. Olórí ìjọ tí a ń lọ nígbà náà, ìjọ tí n kò ní dárúkọ, ní òun kò ní í débi ìsìnkú. Wọ́n sin ín nírọ̀lẹ́, nínú igbó, láìsí orin. Wọ́n ní kí màmá àgbà má sunkún sókè, kí ẹkún rẹ̀ má baà pe irú ikú bẹ́ẹ̀ padà wá. Aṣọ rẹ̀, wọ́n sun ún. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ń ka orúkọ àwọn òkú ilé wa nínú àdúrà ìrántí, a máa ń fo tirẹ̀.

Ọdún 23 lẹ́yìn náà, màmá àgbà dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń pe orúkọ kan ṣáá. Mi ò tètè mọ ẹni tó ń pè, torí pé orúkọ náà ti kúrò lẹ́nu gbogbo wa. Ọmọ rẹ̀ ni. Ọdún 23 ló fi gbé orúkọ ọmọ tó bí sínú, tí kò rí ẹni bá a pè é.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó béèrè, ìdáhùn mi rèé. Kíkí tí ẹ ń kí gbogbo ọlọ́fọ̀ ni kí ẹ kí i. Ẹ kú àmúmọ́ra. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ ọmọ náà. Ẹ ní, lágbájá máa ń bá wa sọ àpò gààrí kalẹ̀ lórí ọkọ̀, a kò gbàgbé. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má béèrè bó ṣe kú. Ẹ má béèrè ohun tó fà á. Bí ìyá náà bá sunkún, ẹ jẹ́ kó sun ún sókè. Bó bá dákẹ́, ẹ bá a dákẹ́, ẹ bá a ṣẹ́ ẹ̀fọ́ tó wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé Bíbélì ló ní ká máa ṣe irú òkú bẹ́ẹ̀ bí òkú ajá. Mo ti wá a, mi ò rí i. Ẹ ṣí ìwé 2 Sámúẹ́lì orí 17. Ẹ ó rí Áhítófẹ́lì, olùdámọ̀ràn Dáfídì, tó dalẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ tó lọ bá Ábúsálómù. Nígbà tí wọn kò gba ìmọ̀ràn rẹ̀ mọ́, ó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ sílé, ó ṣètò ilé rẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò pari síbẹ̀ o. Ó ní wọ́n sin ín sínú ibojì bàbá rẹ̀. Wọn ò gbé e lọ sínú igbó, wọn ò sì fi òru bojú. Ọlọ̀tẹ̀ ni, síbẹ̀ àárín àwọn èèyàn rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Ẹ tún wo Sọ́ọ̀lù. Ogun le mọ́ ọn, ọfà bà á, ó sì ṣubú lé idà ara rẹ̀. Àwọn ọ̀tá gbé òkú rẹ̀ kọ́ sára ògiri ìlú fún ẹ̀sín. Àwọn ọkùnrin Jabẹṣi-Gílíádì gbọ́, wọ́n fi gbogbo òru rìn, wọ́n lọ gbé e kúrò lójú ẹ̀sín, wọ́n sin egungun rẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n sì gbààwẹ̀ ọjọ́ 7. Dáfídì ńkọ́, ẹni tí Sọ́ọ̀lù lé kiri inú igbó bí ẹran? Ó fa aṣọ rẹ̀ ya, ó sunkún, ó kọ orin arò tó dárúkọ Sọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi orin náà kọ́ àwọn èèyàn Júdà. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí mọ orúkọ náà. Òun kọ́ ló pa á rẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń mi orí níbẹ̀ yẹn: Júdásì ńkọ́? Ó dáa. Ohun tí Ìwé Mímọ́ bá Júdásì wí lé lórí ni pé ó ta Ọ̀gá rẹ̀. Pétérù náà sẹ́ Ọ̀gá kan náà lóru kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta, lójú àwọn tí ń yáná. Ẹ̀rí ọkàn da àwọn méjèèjì láàmú. Ìyàtọ̀ kan tí mo rí ni pé nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Pétérù ṣì wà láàyè, wọ́n sì rí i pè. Ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè tí ọkàn yín sì rẹ̀ ni mo sọ ọ́ fún. Mi ò sọ ọ́ láti fi dá òkú lẹ́jọ́.

Àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n kọ̀ láti sin òkú nígbà náà kì í ṣe òṣìkà o. Òfin tí wọ́n bá nílẹ̀ ni wọ́n tẹ̀lé. Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti ọdún 1662 ní kí wọ́n má ka ìsìn òkú sórí ẹni tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Òfin ìjọ Kátólíìkì ti ọdún 1917 náà fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sára àwọn tí a kò gbọdọ̀ fún ní ìsìnkú ìjọ, àyàfi bó bá fi àmì ìrònúpìwàdà hàn kó tó kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kátólíìkì tún òfin náà kọ ní ọdún 1983, wọ́n yọ ìlà yẹn kúrò pátápátá. Ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn ti ọdún 1992 kò pe ìṣe náà ní rere, ó ṣì ń pè é ní ohun tó lòdì sí òfin Ọlọ́run. Síbẹ̀ ó sọ pé àìsàn ọkàn, ẹ̀rù ńlá tàbí ìyà lè dín ẹ̀bi ẹni náà kù, pé kí a má sọ ìrètí nù lórí ìgbàlà rẹ̀, pé Ọlọ́run ní ọ̀nà tó jẹ́ Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, àti pé ìjọ ń gbàdúrà fún un. Nítorí náà, bí kátíkísì abúlé yín bá ṣì ń sọ fún ẹ pé kò sí ìsìn fún ọmọ rẹ, ìyá mi, má bá a jà. Ní kó bá fádà sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé òfin àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìjọ yòókù, ìbáà jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, Sẹ̀lẹ́sítíà tàbí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, kálukú ní ìlànà tirẹ̀. Kí ẹbí lọ béèrè lọ́wọ́ àgbà ìjọ, kí wọ́n má fi ìtìjú sin òkú lóru kí wọ́n tó béèrè.

Ìbéèrè tó le jù kì í ṣe ti ìsìnkú. Èyí tí ìyá ń bi ara rẹ̀ lóru ni: níbo ni ọmọ mi wà báyìí?

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò lọ sọ́hùn-ún rí. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé òun mọ̀ dájú pé ọ̀run àpáàdì ló wà, bi í pé ta ló rán an. Kò wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Kò mọ ohun tí ọmọ náà ké, kò mọ ẹni tó gbọ́. Ohun tí àwa Kristẹni mọ̀ ni pé Jésù fúnra rẹ̀ ké lórí igi pé Ọlọ́run òun ti fi òun sílẹ̀, nítorí náà kò sí òkùnkùn kan tí ọmọ ẹ wọ̀ tí Jésù kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ lọ ka Róòmù orí 8, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti to àwọn ohun tí kò lè yà wá kúrò nínú ìfẹ́ Ọlọ́run. Nínú àwọn tó tò, ikú ló kọ́kọ́ dárúkọ. Kò sọ irú ikú tó yọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni èmi dúró sí. Orí rẹ̀ ni mo dúró tí mo fi dá orúkọ àbúrò ìyá mi padà sínú àdúrà ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀sì mi wàyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tó ń kú báyìí lọ́dọọdún lé ní 700,000, tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe èpè ilé kan. Bí ibà bá gun orí èèyàn, á máa sọ ohun tí kò sí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ tirẹ̀. Á sọ fún ẹni náà pé ẹrù ló jẹ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀, pé ara máa tù wọ́n bó bá lọ. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn náà mú kò lè mọ̀ pé irọ́ ni. Èlíjà wòlíì, tó pe iná láti ọ̀run, lọ jókòó sábẹ́ igi ní aginjù, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ọlọ́run kò kọ́kọ́ bá a wí. Ó jẹ́ kó sùn, ó rán áńgẹ́lì sí i pẹ̀lú àkàrà gbígbóná àti omi, ó sì tún jẹ́ kó sùn. Lẹ́yìn oúnjẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ló tó gbéra ìrìn àjò. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwòsàn pé áńgẹ́lì yẹn, nọ́ọ̀sì ni.

Ohun kan wà tí ẹnu wa gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. A máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe ààfin àti ti ojú ogun ni. Láyé àtijọ́, nígbà tí àwọn ìjòyè bá kọ ọba ní Ọ̀yọ́, wọn á ní kó ṣígbá wò, ọba á sì lọ. Ẹni tó jẹ gbèsè 50,000 sẹ́fà nínú àjọ ọjà Ìgòlò kì í ṣe Aláàfin. A kò gbọdọ̀ máa pa irú òwe yẹn sí etí ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò tàbí ọmọbìnrin tó lóyún sílé. Ẹ rántí onítúbú ìlú Fílípì nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Ó rí i pé ilẹ̀kùn túbú ti ṣí, ó rò pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti sá, ó rò ti ìtìjú àti ìyà tó máa tẹ̀ lé e, ó fa idà yọ sí ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ké sí i látinú òkùnkùn, ó jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tíì lọ. Ohun tó bà á lẹ́rù kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti ń fọ ọgbẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹnìkan wà tí ìtàn rẹ̀ sún mọ́ wa ju ti Fílípì lọ. Grégoire Ahongbonon ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí. Ní ọdún 1971, ó kọjá sí Côte d'Ivoire bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìgbà náà, ó ń lẹ táyà. Owó wọlé, ó ra takisí. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ tú ká, owó lọ, àwọn ọ̀rẹ́ bá owó lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun rò ó láti gba ẹ̀mí ara òun. Àlùfáà kan ló sún mọ́ ọn. Ní ọdún 1982, ó bá àlùfáà náà lọ sí Jerúsálẹ́mù, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ pé Kristẹni kọ̀ọ̀kan ní òkúta kan tí yóò gbé sórí ilé Ọlọ́run. Nígbà tó padà sí Bouaké, òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn jọ láti gbàdúrà, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn tí kò ní ẹnìkan ní ilé ìwòsàn. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn alárùn ọpọlọ tó wà lójú títì àti àwọn tí ẹbí dè mọ́ igi. Láti inú ìyẹn ni Ẹgbẹ́ Saint-Camille ti jáde, tó ní ibùdó ìtọ́jú ní Côte d'Ivoire àti ní Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀kan wà ní Avrankou, ní ọ̀nà Àjàṣẹ́ wa yìí. Zémijan mọ ibẹ̀.

Mi ò sọ ìtàn yìí láti fi gún ìyá yẹn lọ́kàn, kó wá máa rò ó pé ọmọ tòun ìbá ti di ẹni ńlá. Ìyẹn á jẹ́ ìkà. Mo sọ ọ́ nítorí pé àwọn èèyàn ń sọ pé ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kì í rò irú rẹ̀. Ahongbonon ní ìgbàgbọ́, ó sì rò ó. Ọmọ yín náà lè ti ní ìgbàgbọ́. Àìsàn kì í ka ìgbàgbọ́ sí.

"Ìbá ṣe pé" ni yóò máa jí ẹbí lóru. Ìbá ṣe pé mo wọlé kíá. Ìbá ṣe pé mi ò bá a wí lórí owó yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ má fi ọwọ́ gbá a nù pé kí wọ́n má rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ẹ wá bi wọ́n pé: nígbà yẹn, kí lo mọ̀? Ohun tí wọ́n mọ̀ lónìí, wọn kò mọ̀ ọ́n lánàá. Ìdí rẹ̀ sì máa ń ju ẹyọ kan lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbáwí kan ṣoṣo ló pa á.

Àwọn ọmọdé ńkọ́? A máa ń purọ́ fún wọn pé bàbá wọn rin ìrìn àjò, tàbí pé ejò ló bù ú ṣán. Ọmọ iléèwé á sọ òtítọ́ náà fún wọn lójú ọ̀nà odò, á sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sàn kó jẹ́ ẹnu ìyá wọn ni wọ́n ti gbọ́: àìsàn kan mú bàbá yín ní ọkàn, ó jẹ́ kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ fà á, ó fẹ́ràn yín. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ sí i, wọn á béèrè.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, èmi àti ẹ̀yin náà ní ọ̀rọ̀. Bí òkú bá jẹ gbèsè, ẹ má lọ kígbe lé opó lórí níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Kí olórí àjọ àti ẹni méjì lọ sílé, lẹ́yìn ọjọ́ ogójì, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bá a dá a sí díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé owó yín ni. Ṣùgbọ́n ẹbí tí irú ikú yìí ti wọ̀ wà nínú ewu pé ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé e, ìyẹn la sì ń sá fún.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ àwọn tó kù. Ẹni tí kò sùn mọ́, tí kò jẹun mọ́, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún èèyàn, tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ bá olóògbé, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ bi í ní tààrà: ṣé o ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ? Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ó sábà máa ń tú u lára pé ẹnìkan ti rí òun. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá le, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Jacquot ní Kútọnu, Avrankou náà sì wà. Àdúrà kò dí oògùn lọ́wọ́, oògùn kò sì dí àdúrà. Kí oògùn kòkòrò oko má sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní Sri Lanka, ìjọba fòfin de àwọn èyí tó lóró jù, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé ìyẹn gba nǹkan bí 93,000 ẹ̀mí là láàárín ọdún 1995 sí 2015. Àwọn àgbẹ̀ bíi tiwa ni. Ìṣẹ́jú tó burú náà kọjá lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì wà láàyè.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jókòó lé ìbéèrè wọ̀nyí lórí. Ta ni nínú abúlé wa tí a ti dẹ́kun láti dárúkọ rẹ̀? Ta ni ìyá rẹ̀, ṣé ó ṣì wà láàyè? Ẹni méjì wo ló máa lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí, ọjọ́ wo, kí ni wọ́n máa gbé dání? Bí ìjọ wa kò bá ṣe ìsìn fún un nígbà náà, ṣé a lè béèrè fún àdúrà ìrántí báyìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún ti gorí ọdún?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó pè wá, bí ẹ bá ti lọ, ẹ tún pè wá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe rí. Iye epo àti gààrí á wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.